Ìyá Àgbà Tó Ń Béèrè Ibi Tí Omi Ń Gbà Lọ

Ìyá Àgbà mi kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni kí wọ́n má wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n á kí ará ilé tán, wọ́n á gba omi tí a bá gbé fún wọn, wọ́n á mu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á wá béèrè pé, "Tí òjò bá rọ̀ níbí, ibo lomi ń gbà lọ?" Wọ́n béèrè rẹ̀ nílé ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì béèrè rẹ̀ nílé ọ̀fọ̀.

Nígbà tí a lọ tọrọ ìyàwó fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì ti jókòó tán, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ohun tó gbé wa wá ni Ìyá Àgbà dìde, tí wọ́n lọ yọjú lójú fèrèsé. Bàbá ìyàwó rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń wá.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ nǹkan ni?"

"Rárá o. Ọ̀nà omi yín ni mò ń wò. Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Èmi náà ni mo dúró tì í tí wọ́n fi kọ́ ọ tán."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mọ ilẹ̀."

Wọ́n padà wá jókòó, wọn ò sì tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n léèrè bóyá ìdílé náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò da omi ilé rẹ̀ sílé aládùúgbò, ọmọ rẹ̀ á ṣeé fẹ́."

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n fi wá sílẹ̀, nínú ilé wọn ní Barkin Sale nílùú Minna, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́ rárá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ ìtàn ayé wọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì bọ́ sí i. Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn kì í tò tẹ̀ lé ara wọn. Mo ti jẹ́ kó máa wá bó ṣe wù ú.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá wọn láti Ọ̀fà wá sí Minna, inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n sì bí wọn sí. Hausa ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ti ń pọn "ruwa" kí àwọn tó mọ̀ pé omi ni wọ́n ń pè é nílé bàbá àwọn. Jọ́gíráfì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé nígbà tí mò ń lọ sí yunifásítì ní Gidan Kwano, ibẹ̀ náà ni mo sì wà nígbà tí mo rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe títí di òní: èmi ni mò ń fi àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè ya máàpù ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn èèyàn rò pé ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá Àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ fi igi ya òkè àti àfonífojì sílẹ̀ fún mi nínú yanrìn àgbàlá, kí n tó mọ ìwé kà dáadáa.

Tí a bá lọ sí Kure Market, ara iṣu ni wọ́n ti ń kàwé. Ọkùnrin kan gbé iṣu ńlá kan lé wọn lọ́wọ́ nígbà kan, ó ní, "Hajiya, doyar Paiko ce," iṣu Paiko ni. Ìyá Àgbà fi èékánná ha iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ iṣu náà, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò.

"Wannan ba ƙasar Paiko ba ce," ni wọ́n fi dá a lóhùn, pé ilẹ̀ Paiko kọ́ nìyí. Wọ́n wá kọjú sí mi ní Yorùbá. "Fọwọ́ kàn án wò. Yanrìn ni iyẹ̀pẹ̀ Paiko, á máa dán wínníwínní tí oòrùn bá tàn sí i. Èyí yọ̀ bí amọ̀. Ẹ̀bá odò ni iṣu yìí ti hù."

Oníṣu náà wo ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó gbà pé ẹ̀bá odò lọ́nà Bida lọ́hùn-ún ni àwọn ti kó o. Ìyá Àgbà ṣì rà á, wọ́n ní iṣu náà dára, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò dára. Bí a ṣe ń gbé e lọ, wọ́n ní, "Oníṣu lè purọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ara iṣu ò mọ̀ ọ́n pa."

Èmi àti wọn náà jà rí, lórí máàpù. Lọ́jọ́ kan ní àárín ìgbà òjò, oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé wa ti Gidan Kwano bọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí fóònù rẹ̀ ń júwe. Ìyá Àgbà ní kó má yà síbẹ̀, omi á ti kún ibẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé kó máa lọ, nítorí mo mọ iṣẹ́ tó wà nídìí máàpù yẹn. Kò pẹ́ tí ẹrẹ̀ fi gbé kẹ̀kẹ́ náà mì dé ìdajì táyà. A sọ̀ kalẹ̀, a ká aṣọ sókè, a ń fẹsẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ bọ̀. Mo retí kí wọ́n bú mi, wọn ò bú mi. Ìgbà tí a dé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n tó ní, "Àṣàkẹ́, mi ò sọ pé máàpù burú. Máàpù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mi ò kí ń gbà gbọ́."

Ní àárín àgbàlá wọn, wọ́n ri ike kan tó ní àrọ lórí mọ́lẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wọn òjò. Gbogbo òwúrọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, wọ́n á lọ wo ibi tí omi dé nínú ike, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Màmá Esther, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ní ewúrẹ́ kan tó máa ń wá tu ike yìí, tí á sì da omi inú rẹ̀ nù. Ìyá Àgbà kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n so ewúrẹ́ náà mọ́ igi mángòrò títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òjò ló parí ìjà wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ dáadáa, gbogbo èèyàn gbé ọkọ́ jáde. Màmá Esther wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú àgbàdo nínú igbá, kò wọlé.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ṣé kí n gbìn ín ni àbí kí n má gbìn ín?"

Ìyá Àgbà lọ mú ìwé wọn wá, wọ́n ṣí i sẹ́yìn dé ọdún pípẹ́. Wọ́n ní, "Má tíì gbìn ín. Òjò yìí kàn yà kí wa ni, kò tíì wá jókòó."

Ẹ̀ẹ̀rùn tún padà wá, irúgbìn ọ̀pọ̀ èèyàn gbẹ mọ́lẹ̀. Ti Màmá Esther ṣì wà nínú igbá.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọn kì í ṣì í. Màmá Esther yìí kan náà ló ní kí wọ́n bá òun wá ibi tí òun lè gbẹ́ kànga sí. Òkúta kò jìnnà sílẹ̀ ní Barkin Sale. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí kò yẹ, orí òkúta ni yóò gbẹ́ ẹ dé. Ìyá Àgbà rìn yí àgbàlá náà ká, wọ́n wo àwọn igi tó wà níbẹ̀ àti bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ya ibì kan, wọ́n ní omi ń bẹ níbẹ̀ dájúdájú. Danladi, agbẹ́kànga àdúgbò wa, gbẹ́ ẹ títí, ó kan òkúta, kò sí omi. Ó jáde nínú ihò, ó jókòó, kò lè wo ojú wọn. Láti ọjọ́ náà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, Ìyá Àgbà ní kí a máa pọn omi láti inú kànga tiwa lọ kún ìkòkò Màmá Esther láràárọ̀ kí a tó pọn tiwa. Nígbà tí mo ráhùn pé ilẹ̀ ló já wọn kulẹ̀, wọ́n ní, "Ilẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ."

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí n fi sọ́kàn nígbà tí ọ̀ràn ògiri dé.

Ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ni ilé Mallam Ndagi wà. Ọkùnrin Nupe ni, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà ló sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Ọdọọdún ni omi ń ya wọ ilé rẹ̀. Àwọn onílé tó kù ní òun ló lọ kọ́lé sínú kòtò. Òun náà á sì fèsì pé nígbà tí òun kọ́ ọ, omi kì í gba ibẹ̀. Nígbà tó yá, òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán, ó wó ògiri yàrá kan nílé rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà ní yàrá kejì pẹ̀lú ọmọ jòjòló. Wọ́n fa ìyá àti ọmọ jáde lójú fèrèsé. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba gbogbo wa.

Ẹgbẹ́ àwọn onílé pe ìpàdé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ ni pé kí Mallam Ndagi kó kúrò, kí ilé náà má baà wó pa èèyàn. Alága ní kí n bá wọn ya máàpù ọ̀nà omi àdúgbò, kí wọ́n lè fi hàn án pé inú kòtò ló kọ́lé sí. Mo gbà. Mo wá àwòrán tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fa ìlà sí gbogbo ibi tó yẹ kí omi gbà tí kò bá sí ilé kankan.

Ìlà náà kò kọjá lọ́dọ̀ Mallam Ndagi. Ó ti orí òkè olókùúta tó wà lápá òkè àdúgbò wa sọ̀ kalẹ̀ wá, ó gba inú àgbàlá Ìyá Àgbà kọjá tààrà, ó sì jáde lẹ́yìn ilé wa. Ibi tó yẹ kó ti jáde gan-an ni ògiri tí Bàbá Àgbà, ọkọ wọn, fọwọ́ ara wọn mọ kí wọ́n tó ṣaláìsí. Ògiri yẹn ni omi ń kọlù, tó fi ń yí padà lọ sílé Mallam Ndagi.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Nígbà tí Alága bi mí, mo ní mi ò tíì parí rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, a ń jẹun ọ̀sán, Ìyá Àgbà gbé ṣíbí wọn sílẹ̀.

"Àṣàkẹ́, kí lo ń fi pamọ́ fún mi?"

"Kò sí, mà."

"O ti ń jẹun láti ìjẹta bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Gbé máàpù yẹn wá kí n rí i."

Mo gbé e wá. Wọ́n wo ìlà náà pẹ́, wọ́n tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Mo sáré ní kọ̀ǹpútà lè ṣì í, pé àwòrán náà kò rí ohun kéékèèké. Wọ́n ránṣẹ́ pe Danladi, wọ́n ní kó mú rọ́bà omi àwọn bíríkìlà dání, èyí tí wọ́n máa ń fi wo bóyá ìpìlẹ̀ dọ́gba. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni a fi wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ìdí ògiri, Danladi dì í mú lókè, èmi dì í mú nísàlẹ̀, Ìyá Àgbà sì ń fi ọ̀pá wọn sàmì sílẹ̀. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n tán, àmì tó wà nílẹ̀ bá ìlà inú kọ̀ǹpútà mu.

Wọ́n jókòó sórí òkúta kan nídìí ògiri náà.

"Nígbà tí a ra ilẹ̀ yìí, ojú omi kékeré kan wà níbí," ni wọ́n wí. "Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀ nígbà òjò. Bàbá rẹ àgbà ló dí i. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ gbogbo Minna ní jọ́gíráfì, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí, tí mò ń gbé omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì fún wọn. Mo fẹ́ ògiri. Nítorí mo fẹ́ ẹ, mi ò béèrè ibi tí omi yóò gbà."

Bùrọ̀dá Sàlíù, àkọ́bí wọn, wá láti Kaduna nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó o. Kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

"Màmá, ògiri yẹn nìkan ni ohun tó kù tí Bàbá fọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí Ndagi mọ ògiri sí ọ̀dọ̀ tiẹ̀."

"Kí omi náà wá lọ sílé ta?"

"Ṣé torí àlejò lẹ ó ṣe wó iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá?"

"Sàlíù, ṣé ìlú wa làwa náà wà ni? Ẹ̀yin ọmọ ni bàbá yín fi sílẹ̀ láyé. Wọn ò bí ògiri."

Ó bínú, ó padà sí Kaduna lọ́jọ́ náà, kò dúró jẹun.

Níbi ìpàdé, Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí n tan kọ̀ǹpútà. Wọ́n dìde, wọ́n sọ ọ́ ní Hausa kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ. "Ba laifin Mallam Ndagi ba ne. Bangona ne." Kì í ṣe ẹ̀bi Mallam Ndagi, ògiri tèmi ni. Wọ́n ní wíwó ni àwọn máa wó o, pé kí wọ́n dárí ji àwọn.

Mallam Ndagi náà dìde. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ pé ògiri yẹn ni. Òun kàn ń wò ó pé Tíṣà ló kọ́ àwọn ọmọ òun níwèé, ẹnu òun ò sì gbà á láti wí.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Àgbà ju ti ògiri lọ. Wọ́n ní, "Ó yẹ kí o wí. Ọ̀wọ̀ tó ń jẹ́ kí omi wọ yàrá ọmọ jòjòló, kì í ṣe ọ̀wọ̀."

Ọjọ́ Sátidé la wó o. Ìyá Àgbà ní àwọn ni àwọn máa kọ́kọ́ lù ú, wọ́n gbé òòlù, ọ̀dà ara ògiri nìkan ló sì bó. Danladi gba òòlù lọ́wọ́ wọn. A ti ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí mọ́tò kan dúró síwájú ilé, Bùrọ̀dá Sàlíù ló sọ̀ kalẹ̀. Ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni ju ìyá rẹ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó mú òòlù kejì. Òun àti Mallam Ndagi ni wọ́n jọ wó ibi tó le jù. Òkúta ara ògiri náà la tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú omi tuntun, kí omi má baà jẹ ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa dúró ní fàráńdà. Omi pupa ti orí òkè dé, ó kún inú àgbàlá díẹ̀, ó rí ẹnu ọ̀nà, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Láti ibi tí a wà, à ń rí Mallam Ndagi níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti korobá tó fi ń gbọ́n omi lọ́dọọdún. Ó dúró, ó ń retí. Kò sí ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé korobá náà dorí kodò, ó jókòó lé e, ó ń wo òjò.

Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn ò tíì gbádùn òjò rí láti ọjọ́ tí a ti mọ ògiri yẹn."

Kí ọdún náà tó parí, àwọn onílé méjì míì la ògiri tiwọn fúnra wọn. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé lápá òkè àdúgbò wa, ẹgbẹ́ àwọn onílé á ní kó kọ́kọ́ wá wo máàpù lọ́dọ̀ mi, mo sì máa ń bá a dé ibẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Ìyá Àgbà kú, lẹ́yìn tí a ṣe àdúrà tán, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ó ní ẹ̀yìn Gidan Kwano lòun ti wá, orí fóònù ọ̀rẹ́ òun lòun ti rí àwòrán olóògbé, ìgbà náà lòun tó mọ orúkọ wọn.

"Èmi àti ọkọ mi ń wọn ilẹ̀ kan tí a fẹ́ rà ní ọjọ́ náà," ló wí. "Kẹ̀kẹ́ ń gbé Màmá kọjá lọ. Wọ́n ní kó dúró, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ojú omi ni ibẹ̀, kí a má kọ́lé síbẹ̀. Ilẹ̀ náà gbẹ táútáú, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọkọ mi ní kí wọ́n máa bá ọ̀nà wọn lọ. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù wa, wọ́n ní àwọn ò ní dìde."

Bùrọ̀dá Sàlíù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà.

"Kí ni wọ́n sọ fún ọkọ yín?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní, 'Ẹ bínú sí mi lónìí, kí ẹ lè sùn lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀.' Torí kí wọ́n lè dìde la ṣe lọ. Ibòmíràn la rà. Nígbà òjò tó kọjá, gbogbo ibi tí à bá kọ́lé sí, omi gbà á tán. Mo ti ń wá wọn láti dúpẹ́."

Kò sí ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí rí lẹ́nu Ìyá Àgbà. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi wá, mo ṣí àwòrán apá ibẹ̀, mo sì ní kó fi ilé wọn hàn mí. Ó ń fi ìka wá a, kò tètè rí i. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó gùn ún lẹ́sẹ̀, ló kọ́kọ́ rí òrùlé búlúù kan lápá òkè, tó jìnnà sí ojú omi. Ó na ọwọ́, ó tẹ ìka mọ́ ojú ẹ̀rọ náà.

"Ga gidanmu," ló wí. Ilé wa nìyí.